Òrùlé Ni Ilé Àtijọ́ Ń Fẹ́, Kì Í Ṣe Rìbọ́ǹnù

 Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìrántí ti ọdún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Kì í ṣe ilé tí kálukú wa ń kọ́ sí Kubwa tàbí Lugbe o. Ilé ìlú ni mò ń wí: gbọ̀ngàn, ààfin, kóòtù ìbílẹ̀, ọ́fíìsì kánsù àtijọ́, àwọn ilé tí gbogbo ìlú jọ ni, tí wọ́n ti ń pàdé nínú wọn kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé.

Ẹ lè bi mí pé kí ló mú ọ̀rọ̀ ilé tó wà ní Ìbàdàn tàbí Èkìtì dé Àbújá. Owó wa ló mú un dé ibí. Kò sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí mo mọ̀ níhìn-ín tí kì í dá owó ránṣẹ́ sílé. Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, a ó gbọ́ pé ìlú fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn ìgbàlódé, a ó sì rí àwòrán rẹ̀ tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà, pẹ̀lú gíláàsì níwájú àti òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí a bá béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí, wọ́n á ní ibi tí gbọ̀ngàn àtijọ́ wà náà ni. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé wọn yóò wó ti àtijọ́. Àtẹ́wọ́ la sì máa ń pa fún un. Èmi kò fọwọ́ sí i, mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa kí owó ọdún yìí tó kúrò lápò wa.

Ẹ jẹ́ kí a ti Mápó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé mi ò mọ gbọ̀ngàn ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá tí òkìkí rẹ̀ tó tirẹ̀. Ọdún 1925 ni Captain Ross, ajẹ́lẹ̀ àgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe olórí Ẹkùn Ọ̀yọ́, fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ọdún 1929 ni Gómìnà Graeme Thomson wá ṣí i. Ẹnjiníà òyìnbó tó kọ́ ọ ń jẹ́ Robert Jones, ṣùgbọ́n Taffy ni àwọn ènìyàn ń pè é. Ibẹ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn fi ṣe ibùjókòó, ibẹ̀ náà ni kánsù sì jogún nígbà tó yá.

Ká má parọ́, bí a bá fi ojú iṣẹ́ ọnà wò ó, Mápó kì í ṣe ilé Yorùbá. Àwọn òpó gbàǹgbà tó tò síwájú rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì àti àwọn ará Róòmù ni òyìnbó ti kọ́ irú rẹ̀. Ilé Yorùbá àtijọ́ a máa kọjú sí inú: àgbàlá wà láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, ẹni tó bá sì wà níta kò mọ ohun tó ń lọ nínú ilé àfi bí wọ́n bá pè é wọlé. Ìta gbangba ni Mápó kọjú sí. Ó jókòó sórí òkè, ó ń wo Ọjà'ba àti òrùlé páànù tó yí i ká bí ẹni tó ń ka àgùntàn nínú agbo. Lójú tèmi, kì í ṣe èèṣì ló gbé e dé orí òkè náà. Àwọn tó kọ́ ọ fẹ́ kí ará Ìbàdàn máa gbójú sókè kí ó tó rí ìjọba.

Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará Ìbàdàn fi ilé náà ṣe lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí n máa bọ̀wọ̀ fún un. Nígbà tí Adégòkè Adélabù di alága kánsù ní 1954, ilé òyìnbó di ibi tí ọmọ Ìbàdàn ti ń pàṣẹ. Nígbà rògbòdìyàn owó orí ní 1968 àti 1969, tí àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà ní àwọn kò san, Mápó ni wọ́n kọrí sí. Àwọn àgbẹ̀ náà mọ ibi tí ìjọba ń gbé. Lónìí, níwájú ilé kan náà ni wọ́n ti ń dé Olúbàdàn ládé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dé Ọba Lekan Balógun ládé ní 2022, ibẹ̀ ni ti Ọba Ọlákùlẹ́hìn ní 2024, ibẹ̀ náà ni ti Ọba Ládọjà ní 2025. Ilé tí wọ́n kọ́ láti máa fi ṣọ́ ìlú ti di ilé tí ìlú fi ń ṣe ẹ̀yẹ. Ìyẹn gan-an ni mo ń pè ní ogún. Kò pọn dandan kí bàbá wa ló ya àwòrán rẹ̀.

Èyí tún fi nǹkan kan hàn mí. Mápó ṣì dúró nítorí pé ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí kò sí ìwúyè, ìgbéyàwó ń bẹ níbẹ̀. Bí kò sí ìgbéyàwó, ìpàdé ń bẹ. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti tún un ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọn kò sì ní fi owó sí i bí ó bá jẹ́ pé àdán nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Ẹ wo òdìkejì rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ìjọba àpapọ̀ kó wá sí Àbújá nígbà tí wọ́n gbé olú ìlú kúrò ní Èkó lóṣù Kejìlá 1991, ẹ ò ní gbàgbé Sẹkitéríàtì Àpapọ̀ tó wà ní Ìkòyí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló ń wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́. A kó jáde, a ti ilẹ̀kùn. Wọ́n tà á ní 2006, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn tó rà á, ilé sì ń jẹrà lọ lófìfo láti ọdún dé ọdún. Kọnkéré ni wọ́n fi kọ́ ọ látòkè délẹ̀, kì í ṣe amọ̀. Ilé tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ a máa yára kú.

Ó dá mi lójú pé ẹnìkan yóò ní ìjọba ló yẹ kó dáàbò bo irú ilé bẹ́ẹ̀, pé òfin wà fún un. Òfin wà lóòótọ́. Láti 1953 ni a ti ní òfin lórí ohun àtijọ́ ní Nàìjíríà, òfin tó sì gbé àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí kalẹ̀ jáde ní 1979. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ilojo Bar.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Ilojo Bar, ní Tinúbú, ní àárín gbùngbùn Èkó. Àwọn ẹbí Fernandez ló kọ́ ọ ní nǹkan bí 1855, wọ́n wà lára àwọn Àgùdà, àwọn ọmọ wa tó ti oko ẹrú ní Bùràsíìlì padà wá sílé. Àwọn kọ́ọ́lékọ́ọ́lé wọn mú ọnà kan bọ̀ wá tí irú rẹ̀ kò sí níbí tẹ́lẹ̀: fèrèsé tó tẹ̀ bí òṣùmàrè lókè, ìrẹ́ ara ògiri tó ní òdòdó, báńkóònì tó yọ sórí títì. Ọwọ́ wọn ni àwọn bírìkìlà Èkó ti kọ́ iṣẹ́, ìdí sì nìyẹn tí ẹ fi ń rí irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ lára ilé àwọn olówó kòkó àtijọ́ títí dé Ìjẹ̀bú àti Iléṣà. Ní 1933 ẹbí Ọláìyá ra ilé náà. Ní 1956 ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, tó túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó o, ìbá à ṣe ẹni tó ni ín.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, katakata dé, ilé náà sì di òkìtì bíríkì. Ọjọ́ kejì ni Iléyá. Gbogbo ọ́fíìsì ìjọba ti tì. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé kò sí ọjọ́ tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó fẹ́ ṣe ohun tí òfin kọ̀.

Gbogbo ènìyàn ló pariwo, wọ́n bú àwọn tó ni ilé. Èmi náà gbà pé ohun búburú ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ara wa sí ipò wọn. Fún ọgọ́ta ọdún gbáko, òfin sọ fún ẹbí kan pé wọn kò gbọdọ̀ wó ilé wọn, wọn kò sì gbọdọ̀ kọ́ òmíràn sórí ilẹ̀ náà, ní Tinúbú níbi tí ilẹ̀ ti gbówó lórí bíi wúrà. Kí ni òfin yẹn fún wọn láti fi tún òrùlé ṣe? Ìwé ìkéde kò bo ògiri lọ́wọ́ òjò. Ilé ń gbó mọ́ wọn lórí, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń pọ̀ sí i, kò sì sí èrè kan tí wọ́n ń rí níbẹ̀. Òfin tó ń sọ pé má wó o, tí kò sọ ẹni tí yóò tún un ṣe, ìdajì òfin ni. Mo kọ èyí nítorí àwọn kan nínú wa tó gbà pé bí a bá ti kọ̀wé sí ìjọba kí wọ́n kéde ààfin wa, ọ̀rọ̀ ti parí.

Èkó kan náà tó sọ Ilojo Bar nù ló tún fi àpẹẹrẹ rere hàn wá. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ wà ní Broad Street, èyí tí òyìnbó bẹ̀rẹ̀ ní 1872, níbi tí wọ́n ti ti Herbert Macaulay mọ́lé. Ó ti di ààtàn kí ayàwòrán-ilé Theo Lawson tó dábàá pé kí wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Ní 2010 wọ́n ṣí i, wọ́n sì pè é ní Freedom Park. Ibi tí wọ́n ti ń so ènìyàn kọ́ tẹ́lẹ̀ di orí ìtàgé tí àwọn òṣèré àti olórin ń lò. Wọn kò pa ìtàn ibẹ̀ rẹ́, wọn kò sì sọ ọ́ di ibi tí ènìyàn kàn ń dúró wò lókèèrè. Jíjẹ, mímu, orin, eré, gbogbo rẹ̀ ló ń mú owó wọlé. Bí ẹ̀wọ̀n bá lè rí iṣẹ́ ṣe, mi ò rí ìdí tí kóòtù ìbílẹ̀ ìlú wa kò fi lè di ilé ìkàwé.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí bí ilé ṣe ń kú, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọjọ́ orí ló ń pa á. Kì í ṣe ọjọ́ orí. Omi ni. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò á ṣí páànù kan. Kò sẹ́ni tó gun òkè lọ kàn án. Òjò á máa kán sórí igi àjà, igi á rọ̀, ikán á gbọ́. Láàárín ọdún díẹ̀ àjà á já, omi á máa ṣàn sórí ògiri, bí ògiri bá sì jẹ́ alámọ̀, láti òkè ni yóò ti máa yọ́ wá sílẹ̀. Nígbà tí àwa bá dé fún ọdún, ògiri tó là ni a ó rí, a ó ní ilé náà ti gbó kọjá àtúnṣe. Páànù kan àti ìṣó mélòó kan ì bá ti gbà á là.

Òmíràn wà tó burú ju àìtọ́jú lọ, òun ni àtúnṣe ojú ayé. Ògiri amọ̀ a máa mí. Omi tó bá wọ inú rẹ̀ nígbà òjò, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń gbẹ jáde. Àwọn bàbá wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi amọ̀ rẹ́ amọ̀, tí wọ́n sì ń tún un rẹ́ lóòrèkóòrè. Kọngílá òde òní á dé, á fi sìmẹ́ǹtì bò ó mọ́lẹ̀, á kùn ún ní ọ̀dà, ojú gbogbo wa á sì dùn. Omi á há sẹ́yìn sìmẹ́ǹtì náà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìrẹ́ náà á ṣí bí èèpo, á sì kó apá kan ògiri dání lọ sílẹ̀. Wọ́n á tún ní amọ̀ ló fà á. Mo ti rí ààfin tí wọ́n gbé òpó igi gbígbẹ́ kúrò lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n fi òpó sìmẹ́ǹtì rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n sì lẹ taìsì ilé ìwẹ̀ mọ́ ògiri ibi tí ọba ń jókòó sí. Ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n mi ò lè pe ìyẹn ní ìdàgbàsókè.

Òpó igi tí mo dárúkọ yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ní nǹkan bí 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Lára ilẹ̀kùn náà, ó gbẹ́ bí ọba ṣe ń gba àlejò òyìnbó tí wọ́n gbé rù wá. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley ní 1924. Òyìnbó rí i, ojú wọn kò kúrò lára rẹ̀ mọ́, wọ́n sì fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́dọ̀ wọn ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà wà ní British Museum títí di òní. Ọ̀kan nínú àwọn òpó ààfin yẹn wà ní ilé iṣẹ́ ọnà ìlú Chicago, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ Èkìtì tó bá ń gbé Chicago lè fi ọkọ̀ lọ wo òpó ààfin rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kó sì san owó ìwọlé. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa níbẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ bí gbogbo òpó bá lọ tán, kí ni yóò gbé òrùlé tiwa dúró?

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa owó, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti ní ìmọ̀ jù. Nínú ètò ìṣúná, owó kíkọ́ ilé tuntun yàtọ̀ sí owó ìtọ́jú. Bí owó kò bá tó, ti ìtọ́jú ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé. Ilé tuntun ní ohun kan tí àtúnṣe kò ní: ó ní ọjọ́ ìṣílé. Ọlọ́lá á wá gé rìbọ́ǹnù, wọ́n á fín orúkọ rẹ̀ sára òkúta mábù, oníròyìn á ya fọ́tò. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti gé rìbọ́ǹnù fún gọ́tà tí wọ́n gbá. Àwa ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sì ti kọ́ ìwà yìí. Ẹni tó dá owó ńlá fẹ́ rí orúkọ rẹ̀ lára ògiri, ara ògiri tuntun ló sì ti ń hàn jù. Mi ò bá wọn wí. Ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ wọn sára ilé tí wọ́n gbà là nígbà náà. Òkúta mábù kan náà ni.

Àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi ní àwíjàre tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n á ní ìlú ti pọ̀ sí i, gbọ̀ngàn tó gba igba ènìyàn nígbà ayé bàbá wa kò gbà wá mọ́. Òótọ́ ni. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí Mọ́sáláṣí Gbogbogbòò ti Èkó. Èyí tí João Baptista da Costa, ọ̀gá àwọn kọ́ọ́lékọ́ọ́lé Àgùdà, bá wọn kọ́ parí ní 1913 lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn olùjọsìn kún àkúnwọ́sílẹ̀. Wọ́n wó o, wọ́n kọ́ èyí tó tóbi, wọ́n sì ṣí i ní 1988. Mi ò lè sọ pé àwọn Mùsùlùmí Èkó kò ní ìdí. Síbẹ̀, Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí ọkùnrin kan náà kọ́, tí wọ́n ṣí ní 1894, ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń kírun nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, ní 2013 ni ìjọba sì kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí. Ibi tí àyè kò bá sí rárá, ọ̀rọ̀ náà le. Ní Èkó, ilẹ̀ há. Ṣùgbọ́n ìlú wo nínú ìlú tiwa, ní Ọ̀ṣun tàbí Oǹdó tàbí Kwara, ni kò ti sí ilẹ̀ mìíràn tí a lè kọ́ gbọ̀ngàn ńlá sí, tí ti àtijọ́ kò fi ní lè dúró sí àyè rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa náà wà níbẹ̀. Ọdún 1976 ni wọ́n ṣe òfin tó dá olú ìlú yìí sílẹ̀. Ọmọ tí a bí sí Àbújá, gbogbo ilé ìjọba tó ń rí ní àárín ìlú ló kéré sí bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Ó rò pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Bí a bá ń lọ sílé, ọ̀pọ̀ nínú wa ń gba Lọ́kọ́ja kọjá, níbi tí Lugard ti ta àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1900, a kì í dúró àfi láti ra ẹja. Bí a bá dé ìlú wa, tí gbọ̀ngàn ibẹ̀ sì jọ hótẹ́ẹ̀lì tó wà ní Wuse, kí ni a ó nawọ́ sí pé òun ni bàbá bàbá rẹ̀ bá?

Nítorí náà, àbá tí mo ní fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò nira. Kí a tó dá kọ́bọ̀ kan fún gbọ̀ngàn tuntun, kí a béèrè iye tí òrùlé ti àtijọ́ yóò gbà, kí a sì rí i lákọsílẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ amọ̀ àti igi, kì í ṣe ti kọngílá tí yóò kọ́ tuntun nìkan. Kí a bi àwọn àgbà ìlú ẹni tó kọ́ ọ àti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nínú rẹ̀, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé. Kí a wá iṣẹ́ fún un: ilé ìkàwé, ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, ọ́fíìsì ẹgbẹ́, ohunkóhun tí yóò jẹ́ kí ilẹ̀kùn máa ṣí láràárọ̀. Kí a sì ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, bó ti wù kó kéré mọ, tí a kò ní fi ra aṣọ ẹgbẹ́.

Oṣù Kejìlá kò ní pẹ́ dé. Ẹni tó bá ń lọ sílé nínú wa, kí ó bá wa béèrè ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wà, kí ó wọlé, kí ó ya fọ́tò àjà àti ibi tí omi ti ń kán, kí ó sì mú un wá sí ìpàdé oṣù Kìn-ín-ní. Bí àkàbà bá wà nítòsí, kí ó gun òkè.